Àwọn Tí Mo Kọ́ Ní Ìṣubú Ni Olúwa Fi Gbà Mí

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tí ẹ bá mi gbààwẹ̀, ẹ ṣeun.

Ẹ̀yin kan mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Èmi ni mo máa ń to ìjà inú fíìmù, mo sì máa ń jà níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ inú fíìmù kì í kan ẹnu o. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń gbà kọjá, ibi tí kámẹ́rà dúró sí ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ó bà á. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣeré. Jackie Chan, gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù ìjà, pàápàá, orí igi ló ti já bọ́ ní Yugoslavia lọ́dún 1986, agbárí rẹ̀ fọ́, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi dóòlà ẹ̀mí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìṣubú ni mo kọ́kọ́ máa ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi: tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, má fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti ilẹ̀, fi gbogbo apá gbá a.

Lọ́jọ́ náà, nídìí àpáta kan lọ́nà Ìdànrè, okùn tí wọ́n so mọ́ mi já. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti béèrè fún fóòmù tìmùtìmù tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ de ẹni tó bá já bọ́. Ẹni tó ni iṣẹ́ ní kò sówó. Ẹ̀yìn ni mo fi gbá òkúta. Mò ń gbọ́ ohùn gbogbo wọn, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì lẹ́sẹ̀. Àwọn kan sáré wá láti fà mí dìde. Ẹ gbọ́ o! Àwọn ọmọṣẹ́ mi mẹ́ta ló figbe ta: “Ẹ má fà á! Ọ̀gá ní a kì í fa ẹni tó bá ṣubú dìde!” Ọ̀kan di orí mi mú kó má yí, àwọn méjì lọ yọ ilẹ̀kùn pákó kan, wọ́n sì rọra yí mi lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé mi dé ọsibítù. Dókítà wo àwòrán eegun ẹ̀yìn mi, ó ní ká ní wọ́n fà mí dìde ni, ǹ bá má rìn mọ́ láyé.

Oṣù márùn-ún ni mo fi dùbúlẹ̀. Ìyàwó mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò sọ fún mi. Ìgbà tí mi ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà mọ́ ni mo béèrè. Lóru ọjọ́ kan, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi mì. Igbe tí mo ké, ó rò pé mò ń kú lọ ni.

Láàárọ̀ yìí, láti Ọjà Ọba ni mo ti fẹsẹ̀ ara mi rìn wá síbí. Ẹ̀yin ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dìde, kí ìjọ rí yín. Halelúyà!