Fìlà mi lọmọ mi ń wá

Ìyàwó mi ò fẹ́ kí n kọ eléyìí síta, ó ní ẹ ó máa fojú wèrè wò wá. Kò burú, ẹ máa wò wá. Houston là ń gbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas níbí sì mọ̀ pé kò sí òde àríyá tẹ́ ẹ máa dé báyìí tẹ́ ò ní bá ọkùnrin méjì mẹ́ta nídìí bíà tí wọ́n ń sọ irú ìbọn tí wọ́n rà, àgàgà látìgbà tí ìjọba ti ní ọ̀pọ̀ àgbà tó ti pé ọdún 21 ò nílò láísẹ́ǹsì mọ́ kó tó gbé ìbọn ìléwọ́ rìn, September 2021 nìyẹn. Èmi náà rà.

Apá Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí mi, ọdẹ sì ni bàbá tó bí bàbá mi. Ara ògiri ni ṣakabùlà wọn máa ń wà, abẹ́ ẹ̀ là ń gbà kọjá lọ jẹun. Ohun tí mi ò rò nígbà yẹn ni pé òfìfo nìbọn yẹn. Ẹ̀tù wà nínú àdó tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọta wà nínú àpò ọdẹ, bàbá á kọ́kọ́ da ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, wọ́n á fọ̀pá kì í, wọ́n á kó ọta sí i, wọ́n á tún fi nǹkan dí i kó tó di pé ó ṣeé yìn. Ọmọ ọdún márùn-ún wo ló fẹ́ ṣe gbogbo ìyẹn? (Kì í ṣe pé ìyẹn náà ò léwu o, ọdẹ tó rẹ̀ tó gbé ìbọn tó ti kì ti ògiri, aburú lè tibẹ̀ wá.) Bẹ́ẹ̀ lèmi ṣe dàgbà, mo gbà pé bí bàbá bá ti ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ó parí.

Ìgbà tí wọ́n fọ́lé aládùúgbò wa ni mo lọ ra tèmi. Mo kó ọta sí i, torí mo ní olè ò ní dúró dè mí kí n máa wá ọta kiri, mo gbé e sínú àpótí agbádá lórí wọ́dúróòbù, mo pe àwọn ọmọ, mo lejú, mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan kan lókè yẹn, èmi àti ẹ̀ ni.

Sátidé kan, à ń múra òde, mo ń wẹ̀, mo wá pariwo láti balùwẹ̀ pé ta ló rí fìlà mi o. Ẹ gbọ́, èmi ni mo pariwo. Nígbà tí mo jáde, àbúrò pátápátá, ọmọ ọdún márùn-ún, ti gun àga, ó ti já àpótí sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti dé fìlà mi sórí títí ó fi bò ó lójú kan, ó wá fọwọ́ méjèèjì gbé ìbọn yẹn bí ẹni gbé ọmọ jòjòló, ó fẹ́ dá a padà sínú àpótí, ẹnu ìbọn kọjú sí ikùn ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti rí i.

Mi ò pariwo. Mo rọra gbà á. Ìgbà tí mo yọ ọta tán ni ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

Torí náà tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé òun ti kìlọ̀ fọ́mọ òun, mi ò gbọ́. Àwọn dókítà kan ní Atlanta kó àwọn ọmọkùnrin ọdún 8 sí 12 sínú yàrá kan, wọ́n ti fi ìbọn gidi tí ò lọ́ta sínú dúrọ́ọ̀ níbẹ̀, 2001 ni wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rí i ló gbé e, àwọn míì fà á bí ẹni fẹ́ yìn ín pàápàá, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kìlọ̀ fún púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀.

Ní báyìí, séèfù ni tèmi wà, ọta ń bẹ níbòmíì tó ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, nọ́ńbà séèfù yẹn kì í sì ṣe ọjọ́ìbí ẹnikẹ́ni, torí àwọn ọmọ yìí mọ gbogbo ẹ̀. Ẹni tí ò lówó séèfù, kó bi àwọn ọlọ́pàá àdúgbò ẹ̀ léèrè àgádágodo onírin tí wọ́n ń ki bọnú ìbọn, ọ̀pọ̀ wọn ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ ti di ọ̀dọ́, tó ń dákẹ́ sínú yàrá, tínú ẹ̀ ò dùn, kó ti ìbọn ilé ẹ̀ pa ju tèmi lọ. Òfin Texas náà ò fi ṣeré: tọ́mọ tí ò tíì pé 17 bá rí ìbọn tó ní ọta gbé torí o ò tì í, wàá dé kóòtù.

Èyí tó wá le jù fún mi ni bíbéèrè nílé onílé. Ẹ mọ̀ wá, à ń tijú, kó má dà bí ìwọ̀sí. Èmi máa ń kọ́kọ́ sọ tèmi ni: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ìbọn wà nílé wa, a tì í pa sínú séèfù, tiyín ńkọ́?” Tá a bá sì wà lóde àríyá, mi ò kí ń jẹ́ kọ́mọ sùn nínú yàrá tí wọ́n kó báàgì àlejò jọ sí mọ́, ta ló mọ báàgì tí ìbọn wà nínú ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n kan tọ́mọ wa máa ń lọ kí fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní ṣé mo rò pé jàǹdùkú làwọn ni, wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú ilé àwọn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n pè mí padà. Wọ́n ní àwọn ti yọ ọ́ kúrò nínú píjìnhóòlù mọ́tò, mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé àwọn ọmọ wa lọ lẹ́sìnnì.