Ẹ jẹ́ kí etí ṣáájú ojú wọ igbó

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ nípa ẹranko igbó ní FUTA, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, níbí ní Àkúrẹ́, tí ẹ ó sì máa kó àlejò lọ sí àwọn ọgbà igbó ìjọba àpapọ̀, ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ju ohun gbogbo lọ ni pé etí ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ojú. Ọ̀pọ̀ àlejò ló rò pé inú àgò ni ẹranko wà. Wọ́n á tan orin, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á sì padà sílé pẹ̀lú ẹ̀sùn pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé ẹranko wà níbẹ̀. Àwọn gan-an ló lé wọn sá.

Okomu ní Ìpínlẹ̀ Edo, tó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1999, ni ẹ ti máa rí i kedere. Igbó kìjikìji ni, ewé rẹ̀ sì dí débi pé oòrùn ọ̀sán pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀. Bí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ ní ìdájí, ìró ìyẹ́ àtíòro ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, tó ń fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, kí ẹ tó rí ẹyẹ náà rárá. Ẹ̀ka igi á mì lókè, àjẹkù èso á já bọ́. Ẹ má sáré lọ síbẹ̀ o. Ẹ gbójú sókè, kí ẹ sì ní sùúrù. Ó lè jẹ́ ọ̀bọ ọlọ́fun funfun, tí ìran rẹ̀ ti ń lọ sí ìparun.

Ọ̀yọ́-Ilé yàtọ̀. Ọ̀dàn ló pọ̀ jù nínú ọgbà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1991 yìí, tó fẹ̀ tó 2,512 km². Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ, nígbà tí koríko ti lọ sílẹ̀, tí omi sì ti fà, tí ẹfọ̀n àti ìgalà fi ní láti máa wá mumi níbi tí odò bí Ògùn bá ṣẹ́kù sí.

Ẹ má bá ẹ̀ṣọ́ igbó jiyàn níwájú àlejò. Láti ara ìgbẹ́ erin ló ti ń mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ tó kọjá: bí ó bá ṣì tutù, tí eṣinṣin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bò ó, erin náà kò tíì jìnnà, ẹ yà kúrò lójú ọ̀nà. Ní ti aṣọ, ṣòkòtò gígùn ni, kí ẹ ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ìjàlọ.

Kí ẹ tó kó ẹnikẹ́ni lọ sọ́nà jíjìn, ẹ kọ́kọ́ mú wọn gun òkè Ìdànrè ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, kí wọ́n tó dé òkè, ẹ ó ti mọ ẹni tó lè dákẹ́ àti ẹni tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sí ẹ̀yìn ìlà.