Etí ni Àjíké fi ń ríran

Ojú Àjíké, ẹṣin mi, kọ́kọ́ pọ́n, ó ń somi, ó lọ ó bọ̀, kó tó wá funfun bí ẹ̀kọ. Àwọn ará ilé ní ká tà á dànù. Mo kọ̀. Ẹṣin tí bàbá mi rà ní Níkì, ìlú àwọn ẹlẹ́ṣin!

N kì í fọwọ́ kàn án láìsọ̀rọ̀. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó ta mí nípàá, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi tiro. Ní báyìí, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń pè é: “Àjíké, èmi ni o.” Etí rẹ̀ á yí sọ́dọ̀ mi kí orí tó yí. Garawa omi rẹ̀ kì í kúrò lábẹ́ igi máńgòrò. Mo da yanrìn sí ẹ̀bá ògiri, kí pátákò rẹ̀ lè mọ̀ pé ògiri ti dé.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo kọ́ ọ: “Dúró”, “Rọra”, “Gbẹ́sẹ̀”. “Gbẹ́sẹ̀” ló pẹ́ jù, òkúta pọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ wa yìí. Ewúrẹ́ kan tí mo so ṣaworo mọ́ lọ́rùn ló ń ṣíwájú rẹ̀ lọ jẹko. Àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ Pàràkú nìkan ló ṣì ń dẹ́rù bà á. Ẹ̀rù wọn ń ba èmi náà.