Ìyá Tí Ó Jókòó Tì Mí
Ní ọjọ́ kẹta tí mo bí àkọ́bí mi ní Abẹ́òkúta, orí ọmú mi ti bó, ọmọ ń ké, àwọn àgbà ilé sì ń rọ̀ mí pé kí n fún un ní omi àti àgbo. Ìyá ọlọ́mọ kan láti Ìtòkú ni ó wá jókòó tì mí. Ó fi hàn mí pé kí ọmọ la ẹnu dáadáa, kí ó gba ibi dúdú ọmú mọ́ orí rẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé bí ọmọ bá ṣe ń mu tó ni ọmú ń sun tó, àti pé omi inú rẹ̀ tó ọmọ fún oṣù 6. Nọ́ọ̀sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tí ó la irú rẹ̀ kọjá ni ó fi mí lọ́kàn balẹ̀.