Bàbá Pa "A" Rẹ́, Ó Kọ "Wọ́n"

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Sábó, níbí ní Ìkòròdú. Ìwé ìkésíni, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, òun ni mo fi ń jẹun. Àwọn àgbà òṣèlú ìlú wa tún fẹ́ràn kí wọ́n tẹ ìtàn ayé wọn bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, mo sì ti tẹ mélòó kan níbẹ̀. Ẹ̀yin á rí èyí tó jáde. Èmi ti rí èyí tí wọ́n fi bírò pupa fa igi lé kó tó jáde.

Bàbá kan gbé tirẹ̀ wá lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ti bá olóṣèlú ńlá kan ṣiṣẹ́ rí, òun ló ń bá a gbé báàgì kiri. Ọwọ́ ló fi kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ méjì. Ọmọbìnrin tó ń bá mi jókòó ti kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, a sì gbé púrúùfù, ìwé àyẹ̀wò tí a máa ń yọ kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, fún Bàbá. Ohun tó wà lójú ewé 14 nìyí: "A gba owó náà lóru, a sì pín in kí ilẹ̀ tó mọ́."

Nígbà tí púrúùfù padà dé, Bàbá ti fi bírò pupa pa "a" méjèèjì rẹ́, ó kọ "wọ́n" sókè rẹ̀. Wọ́n gba owó náà lóru, wọ́n sì pín in kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Irú àpò tí owó náà wà nínú rẹ̀, fìtílà tí wọ́n tàn, ajá tó ń gbó lójúde, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bàbá ṣì jókòó sínú yàrá, ó ń wò, ó ń gbọ́, àmọ́ kò lọ́wọ́ mọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá jẹ́ pé wọ́n ni, ta ló wá gbọ́ ajá?"

Ó wò mí tìtì. "Onítẹ̀wé, ṣé èmi ni mo gbé iṣẹ́ fún ọ ni, àbí ìwọ lo gbé e fún mi?"

Mo lọ ṣe pléètì rẹ̀ ní Ṣómólú, mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wí. Títí dòní, ìdajì owó iṣẹ́ náà ṣì wà nílẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí olóṣèlú tàbí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ní "ojú mi ló ṣe," ibi tí "a" ti di "wọ́n" ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Òun ni mo wá nígbà tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kó ìtàn ayé tirẹ̀ jáde ní Àbújá, ní ogúnjọ́ oṣù Kejì ọdún 2025. (Ìròyìn ní owó tí wọ́n dá níbi ayẹyẹ náà lé ní bílíọ̀nù 17 náírà. Ẹ ṣáà máa wo àwa onítẹ̀wé Ìkòròdú.) Ó gbà níbẹ̀ pé M.K.O. Abíọ́lá ló wọlé ìdìbò June 12, 1993. Èyí, mo gbà á gbọ́. Ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń bà jẹ́, èèyàn kì í sì í dédé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú rẹ̀.

Ibi tó ti sọ bí wọ́n ṣe fagi lé ìdìbò náà ni mo ti ń wá bírò pupa. Ó kọ ọ́ pé olórí lòun, ẹrù náà sì wà lọ́rùn òun. Àmọ́ ó ní Katsina lòun wà lọ́jọ́ 23 oṣù náà tí wọ́n kéde rẹ̀, pé òun kò fọwọ́ sí i, ó sì nàka sí Abacha. Abacha ti kú láti 1998. Àwọn ẹbí rẹ̀ ta kò ó, ṣùgbọ́n ta ló máa gbé púrúùfù fún òkú?

Ẹ má jẹ́ kí n rẹ́ Babangida jẹ o. Nǹkan kan wà tó gbè é: ìkéde ọjọ́ náà, bébà lásán ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò ní orí ìwé ìjọba, kò sì sẹ́ni tó buwọ́ lù ú. Èmi tí mò ń tẹ létàhẹ́ẹ̀dì fún àwọn ọ́fíìsì mọ̀ pé ìwé tí ọ̀gá bá mọ̀ sí kì í sáábà jáde níhòòhò báyẹn. Mo fún un ní máàkì níbẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ 26, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló bá gbogbo Nàìjíríà sọ̀rọ̀, tó ń ka ìdí tí wọ́n fi wọ́gi lé ìdìbò náà. Mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Ọ̀gá mi pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kord rẹ̀ ká lè gbọ́ rédíò. Babangida kò sọ lọ́jọ́ náà pé àwọn kan ló ṣe é lẹ́yìn òun.

Púrúùfù Bàbá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Èkúté ti jẹ etí rẹ̀, àmọ́ kò kan ojú ewé 14. Bàbá ti sùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ pè mí pé ká tún tẹ ọgọ́rùn-ún sí i fún ìrántí ọdún kan. Mo bi í pé èwo nínú méjèèjì. Ó ní èwo ni èwo? Mo ní kó wá sí ṣọ́ọ̀bù, kó sì mú ìdajì owó tó kù dání.