Ihò tó wà níwájú orí Ashwatthama

Aago méjì òru ti lù kí n tó gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀ lánàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń ya Ashwatthama, jagunjagun inú Mahabharata, ìtàn àtayébáyé àwọn ará Íńdíà. Mo fẹ́ sọ ọ́ di akọni òde òní tó gbé ẹ̀wù irin wọ̀ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Apá, àyà, ìbàdí, gbogbo rẹ̀ rọrùn. Ibi àṣíborí ni mo ti há.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Òkúta iyebíye ló wà níwájú orí Ashwatthama, ọmọ Drona olùkọ́ ogun, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ẹni tó bá ní in kì í bẹ̀rù ohun ìjà, àìsàn tàbí ebi. Àmọ́ ó wọ àgọ́ ọ̀tá lóru, ó pa àwọn ọmọ márààrún tí Draupadi, ìyàwó àwọn ọ̀tá rẹ̀, bí, lójú oorun. Wọ́n gba òkúta náà, Krishna, ọ̀kan lára àwọn òrìṣà ẹ̀sìn Híńdù, sì gégùn-ún fún un: kó máa rìn kiri ayé fún 3,000 ọdún, láìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Àìkú tí ẹlòmíì ń tọrọ, ìyà ni fún un!

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ya àṣíborí tó bo iwájú orí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pa á rẹ́. Ó dà bí irọ́ lójú mi. Nígbà tó yá, mo la ihò síbẹ̀, mo jẹ́ kí ojú egbò tí òkúta náà fi sílẹ̀ hàn. Bí mo ṣe wò ó báyìí, omi bọ́ lójú mi.

Mi ò tíì kùn ún. Àwọ̀ kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni pupa, ibi ihò yẹn.