Ẹ Fà Á Wá sí Àgbádárìgì

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Mile 2 dé Àgbádárìgì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, etí ọ̀sà ni ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ gbé mi lọ, n kò tilẹ̀ yà síbi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1845, tí gbogbo àlejò máa ń sáré lọ wò. Ibi tí èmi ń wá kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń sanwó kó tó wọlé. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan ni, lábẹ́ igi àgbọn mẹ́ta, níbi tí èmi àti olórin rọ́ọ̀kì tí mo fẹ́ràn jù lọ ti jọ ṣeré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Igi méjì ló kù níbẹ̀ báyìí. N kò ní dárúkọ ẹ̀gbọ́n náà, nítorí n kò tíì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í fẹ́ kí wọ́n máa yin òun lójú ara òun.

Ẹni tó bá ń kàwé yìí lè máa rò ó pé kí ni onígángan ń wá nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì. Ìdílé àyàn ni wọ́n bí mi sí, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Muṣin ni ẹ̀gbọ́n sì ti gbọ́ ìlù mi. Àwo BLO ni ó gbọ́ dàgbà nílé bàbá rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1972, tí wọ́n fi lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Berkley Jones, Laolu Akins àti Odumosu sọ ọ́ lórúkọ. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé àlejò ni rọ́ọ̀kì jẹ́ nílùú Èkó. Nígbà tí mo sọ fún un pé ìlù mi kò mọ orin òyìnbó, ó rán mi létí Ginger Baker, onílù Gẹ̀ẹ́sì tó bá Fela ṣeré, tí àwo wọn jáde ní ọdún 1971. Ó ní, “Bí onílù Gẹ̀ẹ́sì bá lè ti ìlú rẹ̀ wá ìlù wá sí Èkó, kí ló dé tí èmi ò ní lè wá a wá sí Muṣin?”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ògù, tí àwa ń pè ní Ẹ̀gùn, ló ń gbéyàwó ní Àgbádárìgì lọ́jọ́ náà. Òjò bá wa ní Àgbárá, omi sì ń kán láti òrùlé bọ́ọ̀sì sórí ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé gángan mi, ó sì jókòó pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì títí a fi dé.

Ṣùgbọ́n ìrì àti ọ̀rinrin ọ̀sà kò mọ ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a gbé ẹrù wa kalẹ̀ tí mo ní kí n dán ìlù wò, awọ ewúrẹ́ náà ti rọ̀ bí àkàrà àná. Bí mo ti wù kí n fún ọsán rẹ̀ tó lábẹ́ apá, ohùn òkè kò dé ibi tí gìtá wà mọ́. Bí mo bá ní kó sọ igbá, igba ni àwọn tó wà nítòsí ń gbọ́. Obìnrin kan ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, mo sì ti dìde láti lọ yá awọ náà níná, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti máa ń ṣe, kí ẹ̀gbọ́n tó dá mi dúró.

“Àyàn, fi í sílẹ̀. Tó bá gbẹ jù, tó bẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ láàárín eré ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, kò bá gìtá mu mọ́, ẹ gbọ́ ọ fúnra yín.”

Ó yíjú sí àwọn onígìtá, ó ní kí wọ́n tú okùn wọn wálẹ̀ kí wọ́n wá bá ìlù. Ẹni tó ń ta gìtá béèsì fajú ro, ó ní okùn òun yóò dẹ̀ jù, òótọ́ sì ni, nítorí a ń gbọ́ bí ó ti ń gbá irin. Ó tó ìdajì wákàtí tí wọ́n fi ń yí i díẹ̀díẹ̀, tí èmi ń lu ohùn kan náà fún wọn, tí alága ìdúró sì ń fi máìkì pè wá lemọ́lemọ́ bí ẹni tí a jẹ lówó. Mo ti bá ọ̀pọ̀ olórin ṣiṣẹ́. Èmi ni wọ́n máa ń sọ fún pé kí n wá nǹkan ṣe sí ìlù mi.

Àwọn ìyá arúgbó Ògù ló jókòó níwájú, méjì nínú wọn sì ti fi ìka di etí nígbà tí gìtá kọ́kọ́ ké. Ẹ̀gbọ́n, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ igbe òkè, wá ń kọrin nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì há díẹ̀, ó wúwo, ó dùn jù bí mo ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lọ, ní tèmi o. Ó rìn dé ibi tí okùn máìkì mọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó sì nawọ́ sí mi pé kí n kí wọn. Mo fi gángan kí wọn kú ìnáwó. Ìyá kan yọ ìka létí, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká ní ìlànà ijó tiwọn, ẹsẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ẹni tó ń lu ìlù òyìnbó nínú ẹgbẹ́ wa tẹ̀ lé èjìká rẹ̀, èmi náà tẹ̀ lé e. Mo ń retí kí ẹ̀gbọ́n padà sẹ́nu orin, àfi bí mo ṣe wẹ̀yìn tí mo rí i tó ti jókòó sórí àpótí ẹ̀rọ, tó gbé máìkì sórí itan, tó ń fi gìgísẹ̀ ka ìlù. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí ó fi rẹ ìyá náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gbẹ́rẹ́fù, a rin ojú ọ̀nà iyanrìn tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò kọrin lójú ọ̀nà yẹn.

Nígbà tí a padà sí Èkó, onígìtá fẹ́ fa okùn rẹ̀ padà sókè, ẹ̀gbọ́n ní kó fi í síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni a fi í sí títí ẹgbẹ́ náà fi túká. Bí ọmọ tuntun kan bá wọ ẹgbẹ́, tí gìtá rẹ̀ ga ju ti àwa yòókù lọ, kò sẹ́ni tó ń ṣe àlàyé gígùn fún un. Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ni pé, “Fà á wá sí Àgbádárìgì.”